Fódà Tí A Pè Ní Ilé Wa

Ó ti lé lọ́dún kan tí ìyàwó mi àti ọmọbìnrin wa ti wà ní Ìlú Ọba nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé wọ́n ti gbàgbé mi.

Èmi nìkan ló kù nínú yàrá wa ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yaba, lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Wọ́n ti jí fóònù mi rí, gbogbo àwòrán ìkómọ ọmọ wa bá a lọ, láti ìgbà náà ni mo ti ń lo fóònù kékeré olótọ́ọ̀ṣì. Ìdí nìyẹn tí ìyàwó mi fi ṣí fódà kan sórí kọ̀ǹpútà náà kí wọ́n tó lọ, tó pè é ní Ilé Wa. Ó ní ohunkóhun tí òun bá kó sínú tòun lọ́hùn-ún máa gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì yọ sínú tèmi níbí.

Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Láàárọ̀, kí n tó fọ ẹnu, mo ti máa ń ṣí i. Ọmọ nínú kóòtù òtútù. Ọmọ pẹ̀lú báàgì ilé ìwé tó tóbi jù ú lọ. Nígbà tó yá, nǹkan kan ò yọ mọ́. Oṣù kan kọjá, ìkejì tẹ̀ lé e. Tí ìyàwó mi bá pè lọ́jọ́ Sunday, mi ò bèèrè. Mò ń sọ fún ara mi pé ẹni tó bá wù kó fi ránṣẹ́ á fi ránṣẹ́. Ó máa bèèrè bóyá iná wà, mo máa ní ó ń wá díẹ̀díẹ̀, ọ̀rọ̀ tán.

Ní oṣù keje tí nǹkan kan ò ti yọ, kọ̀ǹpútà náà kọ̀, kò tàn mọ́. Mo ra láptọ́ọ̀pù àlòkù kan tí ètò inú rẹ̀ jẹ́ tuntun. Mo tẹ páásíwọ́ọ̀dù mi sí i, mo wá Ilé Wa níbi tó máa ń wà lápá òsì. Kò sí níbẹ̀. Mo wá a títí. Mo ní ìyàwó mi ti pa á rẹ́ nìyẹn.

Àǹtí kan tó ń ṣe káàdì ìgbéyàwó wà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Yaba, níbi tí mo ti máa ń tẹ ìwé jáde. Mo gbé láptọ́ọ̀pù náà lọ bá a. Mo ní fódà kan ni mò ń wá, àmọ́ mi ò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún un.

"Ibi tí kọ̀ǹpútà yín àtijọ́ ń kó o sí kọ́ lèyí ń kó o sí," ó ní. "Nínú èyí, abẹ́ orúkọ yín ló wà."

Ó ṣí orúkọ mi, Ilé Wa sì wà níbẹ̀ lóòótọ́, pẹ̀lú àwòrán ìkùukùu kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní àmì yẹn fi hàn pé orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni àwọn nǹkan inú rẹ̀ ṣì wà, wọn ò tíì wọ inú láptọ́ọ̀pù. Ó tẹ ibi tó yẹ kí wọ́n lè máa wọlé. Ó fi kún un pé ètò orí kọ̀ǹpútà mi àtijọ́ ti gbó jù, kò lè gba nǹkan kan wọlé mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́.

Àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, wọ́n lé ní igba. Eyín iwájú méjì ti yọ kúrò lẹ́nu ọmọ mi. Nínú àwọn tó gbẹ̀yìn, òmíràn ti hù, ó ti sọ ojú rẹ̀ di ojú ẹlòmíì. Ohùn rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ó ń sọ pé, "Dádì, ṣé ẹ ti rí i?" Àǹtí náà yíjú sí iṣẹ́ rẹ̀, ó fi mí sílẹ̀.

Mo jáde sí kọ́rídọ̀, mo pe ìyàwó mi, mo sọ bó ṣe jẹ́ fún un.

"Mo rò pé ẹ̀ ń rí wọn ni," ó ní. "Mo rò pé ẹ kàn ò fẹ́ sọ nǹkan kan ni."

"Ó yẹ kí n ti bèèrè."

"Èmi náà ò bèèrè."

Ọmọ wà ní ilé ìwé nígbà náà. Nígbà tó dé, ó pè mí, ó sọ̀rọ̀ títí nípa ẹja kan tí wọ́n ń sìn ní kíláàsì wọn. Òyìnbó ló pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mi ò dá a dúró. Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, mo ṣì mú tèmi mọ́ etí fún ìgbà díẹ̀ nínú yàrá wa.