Ta Ni Yóò Bá Ìyá Ìbílọlá Pa Ẹ̀yìn?

Ọjọ́ tí panápaná mẹ́rin gun àjà kẹsàn-án ní Osdorfer Born nítorí ìpara, ọmọ Yorùbá tó bá wà ní Hamburg tó ní òun ò gbọ́, irọ́ ló ń pa. Ọdún 2004 ni. Ìyá Ìbílọlá ń dín èkùrọ́ láti fi ṣe àdín, èéfín gba ilé kan, aládùúgbò sì pe Feuerwehr. Ìyá ṣílẹ̀kùn pẹ̀lú orógùn lọ́wọ́. Wọ́n béèrè ibi tí iná wà. Ọwọ́ ọ̀gá wọn tí òtútù ti mú kó sán ni Ìyá ń wò.

"Háà! Hand! Komm, komm!"

Ó fa ọkùnrin náà wọ ilé ìdáná, ó po òrí mọ́ àdín, ó fi pa á lọ́wọ́ títí dé ìgúnpá. Lọ́sẹ̀ kejì, panápaná náà padà wá, bẹ́ẹ̀ iná ò jó níbì kankan.

Ìpara yẹn dára, ká má parọ́. Ṣùgbọ́n Ìyá kì í tà á, kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e lọ sílé. Obìnrin tó bá fẹ́ ẹ yóò gòkè wá. Ìyá yóò ní, "Yí ẹ̀yìn síbí," yóò sì bá a pa ẹ̀yìn dáadáa. Tó bá ṣe tán, òun náà yóò ká búláòsì sókè: "Ó kàn mí." Owó ìpara náà nìyẹn.

Fọláwùnmí, obìnrin ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Lager, ilé ìkẹ́rùsí kan ní Billbrook, fẹ́ sọ ọ́ di ọjà.

"Mummy, ẹ jẹ́ ká rọ ọ́ sínú ike. Business ńlá ni o!"

"Tí mo bá rọ ọ́ sínú ike, ṣé ike ló máa bá mi pa ẹ̀yìn?"

Fọláwùnmí rẹ́rìn-ín, ó sì ń wá ní gbogbo Sátidé.

Ọkọ Ìyá ló máa ń bá a pa ẹ̀yìn tẹ́lẹ̀. Látìgbà tí bàbá ti kú, ilé náà dá páropáro, òtútù Jámánì kì í sì í ṣàánú opó. Lọ́jọ́ tí àlejò ò bá wá, Ìyá gbìyànjú. Ó wé àkísà mọ́ orógùn, ó fi ń wá àárín ẹ̀yìn. Ìpara bá ògiri, ó bá fọ́tò ọkọ rẹ̀, ó bá gbogbo nǹkan àfi ẹ̀yìn. Òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ bí òun ṣe kọjú sí fọ́tò náà: "Bàbá Ìbílọlá, ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi."

Ọwọ́ tó ń retí gan-an ni ti Ìbílọlá, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tó ń gbé ní Moabit ní Berlin. Orí fóònù ni Ìbílọlá fi ń kí i.

"Mummy, ara mi ti gbẹ. Ẹ bá mi fi ìpara sí Post."

"Ìpara mi kì í wọ Post. Wọ ọkọ̀ ojú irin, kó o wá gbà á."

"Schicht mi níbi iṣẹ́ ńkọ́?"

"Ó dáa. Kó máa gbẹ lọ."

Ìyá lágídí, ọmọ lágídí. Láàárín ọdún mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni Ìbílọlá wá.

Ìyá kú lójú oorun ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2008. Lẹ́yìn ìsìnkú, Ìbílọlá àti Fọláwùnmí ń palẹ̀ ilé mọ́, torí Hausmeister, alábòójútó ilé, fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́. Gbogbo ilé mọ́ àfi ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Àbàwọ́n òróró kan wà lára rẹ̀, ó fẹ̀ tó àwo, ọṣẹ ò sì ràn án.

"Kí lèyí?" Ìbílọlá béèrè.

Fọláwùnmí kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Mummy ni! Wọ́n á fi ìpara sára ilẹ̀kùn, wọ́n á wá máa fi ẹ̀yìn ha á bí ewúrẹ́. Wọ́n sọ fún mi lórí fóònù." Kò lè rín ẹ̀rín náà parí. "Látìgbà tí wọ́n ti gbé mi sí Spätschicht, iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ tó kan Sátidé, ní October ni. Mi ò ráyè wá mọ́."

Ìbílọlá ju kànrìnkàn sínú garawa. Ó fẹ̀yìn ti àbàwọ́n náà. Àárín ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ló ṣe déédéé. Ó sunkún, ó ń pe ìyá rẹ̀.

Fọláwùnmí jẹ́ kó sun ún tẹ́rùn. Ó wá mú abọ́ ìpara tó kù lójú fèrèsé, ó bu díẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á kó lè yọ́.

"Yí ẹ̀yìn síbí."

Ìbílọlá yí ẹ̀yìn sí i. Nígbà tó ṣe, ó nu ojú rẹ̀ nù, ó gba abọ́ náà.

"Ó kàn ẹ́."