Àlejò Tó Ń Pa Àlọ́ fún Wa

Ìró kékeré kan wà tí kọ̀ǹpútà mi máa ń ṣe nígbà náà, bí ìgbà tí omi bá kán sínú páànù. Bó bá ti dún báyìí, ohun yòówù tí mo lè máa ṣe lọ́wọ́, kódà bó jẹ́ ẹ̀bà ni mo ń tẹ̀, màá pa á tì. Moss Side ní Manchester ni mo ń gbé. Iṣẹ́ títi àwọn aláìsàn kiri lórí ibùsùn ní ọsibítù, tí mo ṣe títí eegun ẹ̀yìn mi fi ń ké, ti parí. Ìyàwó mi ti ṣaláìsí, ọmọbìnrin mi sì ti lọ sílé ọkọ. Òun ló ra kọ̀ǹpútà náà fún mi nígbà tó gbọ́ pé mo ti ń bá tẹlifíṣọ̀n jiyàn. Ó fi gbàgede kan hàn mí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí àwọn Yorùbá tó wà nílùú ọba ti ń kọ ọ̀rọ̀ síra wọn: ẹni tó ń wá yàrá, ẹni tó ń ta ẹlùbọ́, ẹni tó kàn fẹ́ bú ọ̀gá ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ní abala kan níbẹ̀, àlọ́ ni wọ́n ń pa. Ẹnì kan á mú ọ̀rọ̀ kan sọ́kàn, á sọ iye lẹ́tà tó ní, á fi àlọ́ júwe rẹ̀, àwọn tó kù á sì máa méfò. Ẹni tó bá gbà á ni yóò gbé òmíràn kalẹ̀.

Mo wọ ibẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ti ń retí. Mo sọ ara mi ní Baba Aláàlọ́. Èmi tí wọ́n fi òwe tọ́ n'Ìbàdàn, ta ni nínú àwọn ọmọ tó ń fi píṣà ṣe oúnjẹ alẹ́ yìí ló lè bá mi dù ú? Kò pẹ́ rárá tí ẹnì kan tó ń pe ara rẹ̀ ní Àlejò fi gba ìgbéraga náà lọ́wọ́ mi. Bí mo bá pàlọ́ tèmi, kí n tó nu awò ojú mi tán, ó ti já a. Bó bá kan òun láti pa tirẹ̀, gbogbo wa á máa họ orí.

Ọ̀kan wà tí n kò lè gbàgbé. Ó kọ ọ́ pé: "Omi àti ilẹ̀ ló bí mi, iná ló tọ́ mi dàgbà. Bí mo bá ṣubú, kò sẹ́ni tó lè gbé mi dìde. Lẹ́tà márùn-ún." Mo ronú títí, mo sì kọ "búrẹ́dì."

Àlejò dá mi lóhùn pé, "Ẹ tún un kà, Baba. Lẹ́tà mẹ́fà nìyẹn. Àbí ebi ń pa yín ni?"

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí mo mọ̀ ní mọ́sálásí wa, tó ń kàwé ní yunifásítì ní Chorlton-on-Medlock, tún bọ́ sí i: "Ẹ̀yin èèyàn, ẹ bá wa fún Baba lóúnjẹ o!"

Ìkòkò ni. Nígbà tí mo padà gbà á, Àlejò kọ ọ́ pé: "Ẹ gbà á, ṣùgbọ́n ìkòkò ọjà lẹ mọ̀. Ìyá mi kì í jókòó mọ ìkòkò. Á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á máa fi ẹ̀yìn rìn yí i ká bí ẹni ń ṣe tàwáàfù ní ilẹ̀ mímọ́, títí ẹnu ìkòkò á fi gún."

Ìgbà kan ṣoṣo tó sọ nípa ara rẹ̀ nìyẹn. Èèwọ̀ gbàgede náà ni pé a kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè orúkọ tàbí ibi tó ń gbé, nítorí ọ̀pọ̀ níbẹ̀ ni kò ní pépà ìgbélùú. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n ibi tí kò sójú yìí gan-an lara ti ń tu àwọn ènìyàn wa.

Ní ọjọ́ kan Àlejò já àlọ́ kan, ó wá ku kí ó gbé tirẹ̀ kalẹ̀. A dúró. Kò wá. Ẹnì kan kọ ọ́ pé, "Àlejò, ṣé o ti fi àlọ́ wa di ẹrù sá lọ ni?" Òmíràn ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, ó ti gbéyàwó." Èmi náà fi tèmi kún un, mo ní ẹ̀rù mi ti ń bà á. Mo ń kábàámọ̀ àwàdà yẹn títí dòní.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kan, àáfà wa dìde. Ó ní ọkùnrin Yorùbá kan kú nínú yàrá ní Gorton, ní ẹ̀yìn Hyde Road. Àyà rẹ̀ ló dúró; ẹni tí wọ́n jọ ń gbélé ló já ilẹ̀kùn. Pépà tó fi ń ṣiṣẹ́ ní orúkọ kan lórí, ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́pàá ti rí ẹni tó ni orúkọ náà: ó wà láàyè ní ìlú mìíràn, ó sì ń búra pé òun kò mọ òkú náà rí. Orúkọ yíyá ni ọkùnrin yìí fi ń jẹun. Tirẹ̀ gan-an, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, kò sì sẹ́ni tó lè ṣí fóònù rẹ̀.

Ẹni tí wọ́n jọ ń gbélé, ará Sudan kan tójú rẹ̀ ti wú, dúró ti àáfà. Gbogbo ohun tó mọ̀ kò ju pé bí ọkùnrin náà bá ti ibi iṣẹ́ dé, á fẹ̀yìn lélẹ̀, á máa wo fóònù, á máa fi ìka ka lẹ́tà, á máa dá rẹ́rìn-ín.

Akẹ́kọ̀ọ́ yẹn fà mí láṣọ. "Baba, àbí Àlejò nìyẹn?"

"Má fẹnu ẹ pè é," ni mo wí.

A sún mọ́ ará Sudan náà, a bi í léèrè irú ọ̀rọ̀ tó ń pa á lẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó sọ nípa bàbá àgbà kan tó pe ìkòkò ní búrẹ́dì. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀." Mo jókòó sórí ẹní.

Àwọn ọlọ́pàá gbà kí mọ́sálásí sin ín. Àáfà ní ohun kan ṣoṣo ló ń dun òun. Lẹ́sẹ̀ sàréè, ó yẹ kí òun fi orúkọ rẹ̀ àti ti ìyá rẹ̀ pè é, kí ó lè múra ìdáhùn sílẹ̀ de àwọn màláíkà. "Bí a kò bá rí i, ẹrú Ọlọ́run, ọmọ Hawáù la máa pè é. Ó tọ́ nínú ẹ̀sìn." Mo mọ̀ pé ó tọ́. Ṣùgbọ́n Hawáù ni ìyá gbogbo ayé, ẹni tó sì jẹ́ ọmọ gbogbo ayé, ta ni yóò sunkún rẹ̀?

Mo padà délé, mo kọ ọ́ sórí gbàgede pé Àlejò ti kú, àti pé òun ni ọ̀rọ̀ tó kù tí a máa já. Kò sẹ́ni tó ṣàwàdà. Akẹ́kọ̀ọ́ ló rántí tàwáàfù ìyá náà. Ó ní ní Ìlọrin, ládùúgbò tó wà nítòsí ilé ìyá ìyá òun, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ làwọn obìnrin amọ̀kòkò ṣe ń yí iṣẹ́ wọn ká. Àwọn baba wa ní ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Àwa ń wá ilé kiri, òkú ọmọ ti wà lọ́wọ́ wa. Àǹtí akẹ́kọ̀ọ́ náà ṣì ń gbé ibẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí i, èyí tí ará Sudan yà, níbi tí Àlejò ti ń wo fóònù tó sì ń rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ tí a máa sin ín gan-an ni ohùn tí àǹtí náà gbà sórí fóònù wọlé, a sì jókòó gbọ́ ọ nínú ọ́fíìsì àáfà. Ó ní òun lọ sí agbo ilé àwọn amọ̀kòkò, òun béèrè ìyá tó ní ọmọ ní Manchester tí kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Èmi ti rò pé ẹnì kan ni yóò jáde. Mẹ́ta ló jáde.

Èyí àkọ́kọ́ wo fọ́tò, ó ní, "Alihamudulilahi, kì í ṣe tèmi." Èkejì wí bákan náà, ó sì gbá àyà mú. Ẹ̀kẹta fi ọwọ́ tó kún fún amọ̀ gba fóònù. Ó wò ó títí fóònù fi kú, ó ní kí wọ́n bá òun tàn án. Ó tún wò ó. Lẹ́yìn náà ó ní, "Kì í ṣe ọmọ mi. Ọmọ tèmi ń bọ̀ wálé lọ́dún Iléyá."

Ó wá béèrè pé, "Ẹni yìí, ṣé ó ti kú ni?"

Àǹtí ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Kí làwọn àáfà wá ń wá?"

"Orúkọ ìyá rẹ̀ ni, ìyá. Wọ́n fẹ́ fi sàdúrà fún un."

"Kí wọ́n lo tèmi. Mi ò lè gbọ́ pé wọ́n sin ọmọ ọlọ́mọ bí ẹni tí kò ní ìyá." Ó pe orúkọ ara rẹ̀, ó tún un pè kí wọ́n má bàa ṣì í gbọ́, ó sì padà sídìí ìkòkò rẹ̀.

Mo fò dìde. "Ẹ ní kí àǹtí padà lọ! Kí ó bi í lórúkọ ọmọ náà!"

Àáfà, tí mo fi ọjọ́ orí jù lọ fíìfíì, di ọwọ́ mi mú. "Baba, ẹ jọ̀ọ́. Èyí kì í ṣe àlọ́. Níwọ̀n ìgbà tí kò bá tíì fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, ọmọ rẹ̀ ṣì ń bọ̀ wálé. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀."

Mo jókòó. Nílẹ̀ wa, kí ọmọ sin ìyá ladúrà. Ìyá wo ni yóò fi ahọ́n tó fi ń kí ọmọ rẹ̀ kéde òkú rẹ̀ fún àlejò lójúde?

A sin ín lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Àwọn ará gbàgede wá láti ọ̀nà jíjìn, a dúró ti sàréè, a ń wo ojú ara wa fún ìgbà àkọ́kọ́, a kò sì mọ ohun tí à bá pe ara wa. Àáfà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ìwọ ẹrú Ọlọ́run," ó wí, ó sì fi orúkọ obìnrin Ìlọrin yẹn lé e. N kò ní kọ orúkọ náà síbí. Lẹ́yìn èyí la da yẹ̀pẹ̀ sí i.

Mo ti di arúgbó gan-an báyìí. N kì í bá wọn méfò mọ́. Àǹtí fún mi ní nọ́ńbà ìyá náà, mo sì máa ń pè é lọ́jọ́ Jímọ̀. Ohun tí mo sọ fún un ni pé mo jẹ́ bàbá kan tó ń gbé Manchester, kò sì bi mí ní ohun tó fà á tí mo fi ń pè. Kò béèrè ibi sàréè rí. Á kí mi, á bi mí bóyá mo ti jẹun, á wá béèrè pé:

"Ṣé òjò ń rọ̀ lọ́hùn-ún?"

"Ó ń rọ̀, ìyá."

"Kò burú. Ilẹ̀ tó bá mumi dáadáa kì í le jù." Lẹ́yìn náà á wí pé ọmọ òun ń bọ̀ lọ́dún Iléyá, bí Iléyá kan bá kọjá á mú èyí tó ń bọ̀, á ní kí Ọlọ́run mú gbogbo àwọn tó wà lájò bọ̀ wálé láyọ̀.

"Àmín, ìyá," ni mo máa ń wí.