Bí A Ṣe Fi Àáró Ya Àwòrán Ilé-Iṣẹ́ Wa ní Ìkọ̀lé

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè díẹ̀ lónìí kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Ìkọ̀lé, nígbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ìlú wa. Ọjọ́ ń lọ o! Ẹ̀rín ń pa mí bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì ni. Ilé-iṣẹ́ kan wà níbẹ̀ tó ń ṣe oúnjẹ adìyẹ. Wọ́n ń ra àgbàdo ní Ìrèlè, wọ́n ń lọ̀ ọ́ ní Ìkọ̀lé, wọ́n sì ń tà á dé Ọ̀yẹ́ àti Ìdó. Alága wọn, ọmọ ìlú wa tó ń gbé Èkó, fẹ́ ra kọ̀ǹpútà fún wọn. Torí ohun tí mo kọ́ ní yunifásítì láyé àtijọ́, ó ní kí n kọ́kọ́ ya àwòrán ilé-iṣẹ́ náà.

Kì í ṣe ògiri àti òrùlé o! Bí iṣẹ́ ṣe ń kúrò lọ́wọ́ ẹ̀ka kan bọ́ sọ́wọ́ èkejì ni, àti ibi tó ti ń há.

Ó wá fi ọ̀rọ̀ kan kún un: bí àwọn òṣìṣẹ́ kò bá fọwọ́ sowọ́ pọ̀, òun á kó ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo lọ sí Ìbàdàn. Ẹ ò rí i? Oúnjẹ òòjọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé ló wà lọ́wọ́ mi yẹn.

Mo rò pé ó máa rọrùn. Níbo! Bí mo bá ti wọlé, gbogbo ẹnu á pa mọ́. Wọ́n sọ mí ní Bàbá Ayàwòrán. Wọ́n ní ẹni tí mo bá ti yà tán, wọ́n á lé e lọ, kọ̀ǹpútà á sì jókòó sáyè rẹ̀. Délé akáǹtáńtì, tí kì í bọ́ táì lọ́rùn, á ní òun ní ìpàdé. Ìpàdé wo? Abẹ́ máńgòrò ni mo máa ń bá a tó ń jẹ ẹ̀pà!

Èyí tó le jù ni Màmá Bọ́sẹ̀ tó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rù àti Ṣọlá, olórí àwọn tó ń lọ àgbàdo. Bí ẹ̀rọ bá dúró, Ṣọlá á ní àgbàdo tútù ni wọ́n fún òun. Màmá á ní ọ̀lẹ ni.

Lọ́jọ́ kan, mo bi Màmá ní ìbéèrè nípa iṣẹ́ rẹ̀. Ó wò mí látòkè délẹ̀.

"Bàbá Ayàwòrán, ẹ fẹ́ mọ uṣẹ́ mi? Ẹ wá gbé àpò! Ṣé àwọn bàbá wa ń ya àwòrán oko ara wọn kí wọ́n tó ṣàáró ni?"

Àwọn tó wà níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kú fún ẹ̀rín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Àáró! Lónìí gbogbo wa wà lóko tìrẹ, lọ́la a wà lóko tèmi. Ta ló ń rò pé ẹni tó wá bá òun kọ ebè fẹ́ gba oko lọ́wọ́ òun?

Mo lọ bá máníjà ilé-iṣẹ́ náà pé kí a fi àáró ṣe é, ó gbà. Láàárọ̀ Ọjọ́rú kọ̀ọ̀kan, gbogbo wa á lọ bá ẹ̀ka kan ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà a á jẹ iṣu sísun àti epo, ẹ̀ka tó ni ọjọ́ náà á sì mú ṣọ́ọ̀kì, wọ́n á ya iṣẹ́ wọn sára ògiri fúnra wọn.

Ọjọ́ tí a dé ilé ìkẹ́rù, Délé tú táì. Ó gbé àpò àgbàdo, òun àti àpò jọ ṣubú. Màmá ní, "Akáǹtáńtì, ṣé ìpàdé nìyẹn?"

Ọjọ́ tí a dé ọ̀dọ̀ Ṣọlá, Màmá fọwọ́ ara rẹ̀ da àgbàdo tó ti ilé ìkẹ́rù rẹ̀ wá sẹ́nu ẹ̀rọ. Àgbàdo tútù lẹ̀ mọ́ ọn nínú, ẹ̀rọ há, ó dákẹ́. Màmá fi ìka họ ọ́ títí tí ọwọ́ fi ń ro ó.

"Ṣọlá ọmọ mi, ohun tó ń ṣe yín rèé?"

"Màmá, ṣebí mo ti ń sọ ọ́, ẹ ní ọ̀lẹ ni mí!"

Nígbà tí wọ́n yà á sára ògiri, gbogbo wa rí i. Láàárín àwọn tó ń ra àgbàdo àti ilé ìkẹ́rù, kò sí ẹnì kankan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti sá àgbàdo! Kálukú rò pé ẹlòmíràn ń ṣe é.

Nígbà tí Alága dé, mo wúkọ́ pé kí n ṣàlàyé. Ta ló gbà fún mi? Màmá ti gba ṣọ́ọ̀kì, Ṣọlá ń já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀, Délé ń tún ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ṣe. Alága yíjú sí mi, ó bi mí pé ta ló yà á. Kí n tó la ẹnu, gbogbo wọn ti dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: "Àwa ni!"

Alága rẹ́rìn-ín títí. Ó ní ẹ̀rọ kò lọ sí Ìbàdàn mọ́, àti pé ibi ìságbàdo ni òun á kọ́kọ́ ṣe, kọ̀ǹpútà á tẹ̀ lé e. Èmi jókòó lórí àpò lẹ́yìn wọn. Inú mi dùn ju ọjọ́ tí mo gba oyè yunifásítì lọ.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti lọ báyìí, Màmá náà ti sùn. Àárò wọn ń sọ mí.

Ohun tí mo kọ́ ni pé ènìyàn kì í bẹ̀rù àwòrán. Kí ẹlòmíràn yà á láì bi í léèrè ló ń bà á lẹ́rù. Ẹ̀yin ńkọ́? Níbi iṣẹ́ tiyín, kí ló sọ "tèmi" di "tiwa"? Ẹ kọ ọ́ síbí, mò ń kà á o!