Ọmọ Tí Mo Ní Kí Wọ́n Mú Lọ

Ọdún tí ìjọba ń sọ lórí rédíò pé kí gbogbo wa fún ìgbànú wa mọ́ra ni agbaṣẹ́ṣe tí mo ń bá ṣiṣẹ́ l'Ékòó pe gbogbo àwa káfíńtà jọ. Òrùlé ilé ìwé kan la ń kàn lọ́wọ́. Ó ní owó tí wọ́n ń fún òun kò wá mọ́. Ó ní kí a lọ sinmi nílé, òun yóò ránṣẹ́ pè wá. Mo gbé àpótí irinṣẹ́ mi lé èjìká, mo wọ mọ́tò padà sí Ajah. Mo sinmi. Kò ránṣẹ́.

Ìyàwó mi àti ọmọ mẹ́rin ló wà nílé. Obìnrin ni àkọ́bí wa, ọmọ ọdún mọ́kànlá. Obìnrin náà ni èyí tó tẹ̀ lé e, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Nínú àwọn méjì tó kù, ọ̀kan ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ sọ, ọ̀kan ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Yàrá kan àti pálọ̀ la ń gbé nínú ilé bàbá àgbàlagbà kan tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀. Ilẹ̀ ìdílé bàbá náà lọ títí dé ọ̀nà òkun, ṣùgbọ́n láyé ìgbà yẹn kò sẹ́ni tó ń béèrè rẹ̀. Iyanrìn ni, àti koríko, àti igi àgbọn. Bàbá onílé fúnra rẹ̀, bùbá tó ti ya lábíyá ló ń wọ̀ lọ kí Jímọ́ọ̀.

Mo wá iṣẹ́. Mo fẹsẹ̀ rìn dé Ikate, mo rìn dé Awoyaya, mo ń béèrè bóyá ẹnìkan ní ilẹ̀kùn tó fẹ́ tún ṣe tàbí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀. Àwọn ènìyàn á kí mi dáadáa, wọ́n á ní Ọlọ́run á ṣe é. Nígbà tó yá mo ta ìfági mi. Mo sọ fún ara mi pé káfíńtà òrùlé kò nílò ìfági tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà mo ta ayùn ńlá, mo ní kékeré ṣì wà. Nígbà tí mo ta kékeré, mi ò sọ nǹkan kan fún ara mi mọ́.

Ìyàwó mi ló rí iṣẹ́. Obìnrin kan wà létí òkun tó ń ṣe òróró àgbọn, ó ń wá ẹni tí yóò máa fọ́ àgbọn, tí yóò máa rin ín. Nǹkan díẹ̀ ló ń san, ó sì ń fi àwọn àgbọn tó ti fẹ́ bàjẹ́ kún un. Ìyàwó mi mú ọmọ wa àgbà dání lọ́jọ́ kìíní kó lè bá a gbé ọmọ ọwọ́. Kò pẹ́ tí ọmọ náà fi mọ iṣẹ́ ọ̀hún ju ìyá rẹ̀ lọ. Yóò gbé àgbọn lé ọwọ́ òsì, yóò fi ẹ̀yìn àdá lù ú lẹ́ẹ̀mejì, á là gbáà. Báyìí ni kò ṣe lọ sílé ìwé mọ́. Kò sẹ́ni tó ní kó má lọ. Kò lọ lọ́jọ́ kan, kò lọ lọ́jọ́ kejì, ó sì di bẹ́ẹ̀.

Gàrí àti àgbọn là ń jẹ. Bí a kò bá mu ún, a ó tẹ ẹ́ ní ẹ̀bà, ọbẹ̀ rẹ̀ á sì jẹ́ ata àti iyọ̀. Ọmọ mi kejì kì í béèrè pé kí wọ́n fi kún tòun. Á jẹ tirẹ̀ tán, á fọ àwo rẹ̀, á lọ jókòó.

Èmi náà ń jókòó. Iwájú ilé, lórí bẹ́ǹṣì tí mo fúnra mi kàn. Bí mo bá ti kí ìrun Sùbúù tán, ibẹ̀ ni mò ń wà. Àwọn ènìyàn rò pé mò ń ronú. Mi ò ronú kankan. Lọ́jọ́ kan, ọmọ wa kẹta ṣubú níwájú mi, orúnkún rẹ̀ bó, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn sínú iyanrìn, ó ń ké. Mo ń wò ó. Mo rí ẹ̀jẹ̀ náà, mo gbọ́ igbe náà, ṣùgbọ́n ara mi kò dìde. Ìyàwó mi ló sáré jáde láti inú ilé, ó gbé ọmọ, ó wá dúró wò mí. Mo retí pé yóò bú mi. Kò bú mi. Ó kàn ń wò mí bí ẹni ń wo ilé tí iná ti kú nínú rẹ̀, ó sì wọlé lọ.

Bí a ṣe wà nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan láti Ìkòròdú. Ó ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà níbẹ̀, àwọn ọmọ tirẹ̀ ti dàgbà, wọ́n ti lọ sílé ọkọ. Kò sọ fún wa tẹ́lẹ̀ pé òun ń bọ̀. Ìyàwó mi kúnlẹ̀ kí i, ó bu omi fún un, omi nìkan. Ẹ̀gbọ́n mi mu ún, ó wò yíká pálọ̀.

"Àbúrò mi, ojú ẹ ti jìn wọnú."

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ẹ̀gbọ́n mi."

"Èmi ò ní kí o má dúpẹ́. Kí lẹ jẹ lónìí?"

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ife sílẹ̀.

"Ẹ gbọ́, ẹ̀yin méjèèjì. Èmi nìkan ni mo wà nílé. Ẹ jẹ́ kí n mú ọmọ kan lọ nínú wọn. Màá fi í sílé ìwé, á máa jẹun. Ẹ fún mi ní àgbà yẹn, yóò lè bá mi dúró sí ṣọ́ọ̀bù."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má mú ìyẹn. Òun ló ń bá ìyá ẹ̀ fọ́ àgbọn. Ẹ mú èyí tó tẹ̀ lé e."

Ohùn tí mo fi ń sọ fún oníṣòwò pákó pé kó mú èyí wá, kó fi tọ̀hún sílẹ̀, òun náà ni mo fi sọ ọ́. Mo rò pé àwọn ọmọ wà lẹ́yìnkùlé. Ìyàwó mi mú ife tí ẹ̀gbọ́n mi mu omi nínú rẹ̀, ó fi omi ṣàn án, ó tún un ṣàn.

Ẹ̀gbọ́n mi sùn tì wá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyàwó mi wẹ̀ fún ọmọ náà, ó fi òróró àgbọn pa á lára, ó di aṣọ rẹ̀ méjèèjì sínú àpò ọ̀rá. Ó dì í mọ́ra díẹ̀, ó sì gba ọ̀nà iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ọmọ wa àgbà tẹ̀ lé e. Èmi ni mo sìn wọ́n lọ sí Badore níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń kó èrò lọ sí òdìkejì ọ̀sà. Ọmọ náà ń rìn níwájú mi pẹ̀lú àpò ọ̀rá rẹ̀. Ó ń yẹra fún ibi tí omi dúró sí, torí bàtà rẹ̀ ti lu.

Létí omi ni ó ti bi mí pé, "Bàbá mi, ọjọ́ wo lẹ máa wá mú mi?"

Mo ní, "Ọjọ́ Iléyá."

Ó mi orí pé òun gbọ́. Wọ́n gbé e sínú ọkọ̀, ó jókòó ti ẹ̀gbọ́n mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí ọkọ̀ mú. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, mo ti yí ẹ̀yìn padà.

Nígbà tí ìyàwó mi dé lọ́sàn-án, ó po gàrí. Mo rí i pé tèmi pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ díẹ̀. Mo jẹ ẹ́ tán. Ó dùn lẹ́nu mi. Mo sì sùn lórí bẹ́ǹṣì títí di Alaásàrí. Ohun tí mo ń sọ fún yín yìí, mi ò sọ ọ́ fún ìyàwó mi rí.

Iléyá dé, mi ò lọ. Mo lè sọ pé owó ọkọ̀ ni, òótọ́ sì ni pé kò sí owó ọkọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́kọ̀ Badore mọ̀ mí. Ká ní mo bẹ̀ wọ́n, wọn ì bá gbé mi. Mi ò bẹ̀ wọ́n. Bàbá onílé fi ẹran ránṣẹ́ sí wa nínú abọ́, a sè é, a jẹ ẹ́. Ìyàwó mi kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n mi a máa ránṣẹ́ nípasẹ̀ àwọn ọlọ́kọ̀ pé ara ọmọ le, pé ó ti ń kàwé dáadáa. Iléyá kejì dé, ó tún kọjá lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ará Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í wá pẹ̀lú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Títì ti dára, wọ́n ń wá ilẹ̀. Ìdílé bàbá onílé ta díẹ̀ ní ọ̀nà Ṣàngótẹ̀dó, àwọn tó rà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé. Bàbá náà wá bá mi níwájú ilé.

"Káfíńtà, dìde. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò kan òrùlé."

"Bàbá, mi ò ní ayùn."

Ó wò mí títí. Ó wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó pẹ́ kó tó jáde. Ayùn kan ló mú wá, ó ti dípẹtà láti orí dé ìdí. Ó ní ti àbúrò òun tó ti kú ni.

"Lọ pọ́n ọn," ló wí. "Lónìí ni o. Mo ti sọ fún wọn pé o ń bọ̀."

Mo pọ́n ọn. Àtẹ́lẹwọ́ mi ti rọ̀ láti ọjọ́ tí mi ò ti ṣiṣẹ́, ó bó ní ọjọ́ kìíní, mo sì yọ̀ díẹ̀ nígbà tó ń dùn mí. Láti orí òrùlé yẹn mo bọ́ sórí òmíràn. Nǹkan kò dára lójijì, ṣùgbọ́n ẹja padà sínú ọbẹ̀ wa, mo san owó ilé, mo ra ìfági àlòkù.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí Iléyá kẹta pé, mo ra bàtà, mo wọ ọkọ̀ ní Badore. Nígbà tí mo dé ilé ẹ̀gbọ́n mi, ọmọbìnrin gíga kan ló jáde wá, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, sà."

Kò sẹ́ni tó ń pè mí ní sà nínú àwọn ọmọ mi. Mo mú bàtà jáde. Kò wọ̀ ọ́, gìgísẹ̀ rẹ̀ kù síta pátápátá. Ó tún kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì gbé bàtà náà lọ fi han ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní, "Màmá, ẹ wo ohun tí wọ́n rà fún mi."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ọmọ ẹ rèé, àbúrò mi. Bí o bá fẹ́ mú un lọ, èmi ò ní dí ẹ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bi í léèrè."

Mo bi í. Ó wo ojú ẹ̀gbọ́n mi kó tó wo tèmi. Ó ní òun fẹ́ parí ìwé òun níbẹ̀. Mo ní ó dáa. Mo jẹun, mo kí ìrun, mo sì wọ ọkọ̀ padà.

Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo dé. Ó ti wẹ̀, ó sì ti wọ aṣọ tó dáa. Ó wo ẹ̀yìn mi.

"Ó ní òun fẹ́ parí ìwé òun," ni mo wí.

"Ó dáa," ló wí. Ó wọlé lọ bọ́ aṣọ náà.

Láti ìgbà yẹn, ọmọ náà ń wá lo ọlidé lọ́dọ̀ wa. Ó tó ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nígbà tó wá bá mi lẹ́yìnkùlé níbi tí mo ti ń rẹ́ pákó. Mo ní kó bá mi di orí pákó mú. Ó dì í mú. Mo ti rẹ́ ẹ dé àárín kó tó sọ̀rọ̀.

"Bàbá mi, mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ lọ́jọ́ tí Màmá wá mú mi. Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n mi ni Màmá fẹ́ mú, ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n mú mi."

Mo dá ayùn dúró. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí ló dé?"

"Ẹ̀gbọ́n ẹ mọ iṣẹ́ àgbọn. Ìwọ ò tíì mọ̀ ọ́n."

"Ṣé ìyẹn nìkan ni?"

"Ìyẹn nìkan ni."

Ó tún orí pákó dì mú. Ó wá ní, "Gbogbo ìgbà ni mò ń rò pé ẹ ò fẹ́ràn mi ni."

Mo wá ọ̀rọ̀ tí bàbá ń sọ fún ọmọ, mi ò rí i. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Lákòókò yẹn, ọmọ mi, mi ò fẹ́ràn ẹnikẹ́ni. Kò sí okun ẹ̀ lára mi."

Kò sunkún. Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ní èsì ìṣirò. Ó ní, "Ẹ rẹ́ ẹ tán, ọwọ́ ń ro mí." Mo rẹ́ ẹ tán.

Olùkọ́ ni lónìí, ní Ìkòròdú níbẹ̀. Láti ọjọ́ ìjíròrò yẹn ni ó ti padà sí pípè mí ní Bàbá mi láìfi sà kún un. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kú, òun ló jókòó ti òkú rẹ̀ bí ọmọ inú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó rí ohun tó burú níbẹ̀, èmi pàápàá.

Àkọ́bí mi ni mo máa ń rò báyìí. Òun ló dúró tì wá. Kò padà sílé ìwé mọ́ láti ìgbà náà. Nígbà tí owó ìwé wá wà, ó ní ojú ti òun láti jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ kéékèèké, mi ò sì rọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ń ta òróró àgbọn ní Awoyaya, ó ní ọkọ, ó ní ọmọ. Bí lẹ́tà bá dé sí i, ó di ìgbà tí ọmọ rẹ̀ bá kà á fún un. Kò sọ ọ́ rí pé òun gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi wá, kò sì bi mí ní nǹkan kan rí. Ó ń bọ̀ wá kí wa ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, á gbálẹ̀ fún ìyá rẹ̀, á gbé oúnjẹ kalẹ̀ níwájú mi. Bí ó bá bi mí lọ́jọ́ kan, mi ò mọ èsì tí màá fún un.