Ọba Méjì Lórí Owó Bàbà Kan

Mo rántí ìgbà tí mo máa ń lo ọ̀sán Sátidé ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Sharjah, ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dubai, tí màá fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wo owó bàbà àwọn ọba Bisáńtíọ̀mù, ìyẹn àwọn ará Róòmù ti ìlà-oòrùn láyé àtijọ́. Bàbá ará Síríà tó ni ṣọ́ọ̀bù náà ló kọ́ mi. Ó ní lẹ́tà M gàgàrà tó wà lẹ́yìn owó ń sọ iye tí owó náà jẹ́, àmì tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀ sì ń sọ ọdún tí ọba ti lò lórí oyè. Èyí kò ṣòro fún mi rárá. Ìyá mi àgbà kò mọ ọdún tí wọ́n bí i, ọba tó wà lórí oyè nígbà náà ló mọ̀.

Lásìkò kan náà, orúkọ tèmi ń sọnù. Ní ọ́fíìsì wa ní Dubai, ọ̀gá mi sọ pé orúkọ mi gùn jù, ó bá sọ mí ní Sam. Ẹni tó jókòó sórí àga mi ṣáájú mi, Sam ló pe òun náà! Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára káàdì tí mò ń gbé kọ́rùn. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń ṣòwò ní Deira, tí a jọ ń gbé ní Al Mamzar, kò rí ohun tó burú níbẹ̀.

"Àbúrò, jẹ́ Sam jàre! Visa ẹ wà lọ́wọ́ wọn. Ṣé orúkọ ló ń pay rent ni? Khalas, ó parí!"

Èmi ọlọ́gbọ́n bá gbà. Kí ọ̀gá tó pe Sam tán, mo ti dáhùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo rí owó kan tó dà bíi pé ó ti bàjẹ́. Ojú ọba kan ló wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́tà orúkọ ọba mìíràn ń yọ lábẹ́ irùngbọ̀n rẹ̀. Mo ní kí bàbá jù ú nù. Ó rẹ́rìn-ín, ó yí owó náà padà, ó fi ọdún kẹta ọba tuntun hàn mí.

"Habibi, ọ̀rẹ́ mi, kò bàjẹ́. Ọba yìí kò ráyè yọ́ owó àtijọ́, ó kàn tẹ ojú tirẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n wò ó dáadáa, ti àkọ́kọ́ kò lọ."

Mo ra owó náà. Nínú bọ́ọ̀sì tí mo wọ̀ padà, inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé wo ni ọ̀gá mi wò? Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, mo bọ́ káàdì náà lọ́rùn, mo gbé e sórí tábìlì rẹ̀.

"Orúkọ mi kọ́ nìyí, sà. Tí ẹ bá fẹ́ dá mi padà sílé, orúkọ mi ni kí ẹ fi dá mi padà."

Kò dá mi padà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọ́n gbé káàdì tuntun wá, orúkọ mi sì gùn lára rẹ̀ láti etí dé etí.

Owó bàbà náà wà lórí tábìlì mi báyìí. Títí di òní, tí ọ̀gá bá ń pè mí, ahọ́n rẹ̀ máa ń kọsẹ̀ láàárín orúkọ náà. Kó máa kọsẹ̀ lọ. Mi ò ní gé e kúrú fún un.