Kálípà Tó Gba Ẹ̀gbọ́n Wa Sílẹ̀

Òórùn idẹ kì í tètè kúrò lọ́wọ́. Kí n tó di oníròyìn, mo ṣiṣẹ́ ní ẹgbẹ́ ayìnbọn kan, níbi tí wọ́n ti ń fi ìbọn yíyìn ṣeré ìdárayá, lẹ́yìn ìlú Sharjah, bí mo bá sì ti wọ bedspace wa ní Abu Shagara, àwọn tí a jọ ń gbé á ní, "Alágbẹ̀dẹ ti dé o!" Ìkarahun ọta ni mo ń ṣà jọ tí mo sì ń fọ̀. Ẹ̀gbọ́n kan tó ti Ìbàdàn wá ló ń tún wọn kì: ẹ̀tù tuntun nínú, orí ọta tuntun lẹ́nu, kí ẹ̀rọ wá tẹ orí náà wọlé dé ibi tó yẹ. Bí ọ̀kan bá wọlé ju èkejì lọ, ọta méjèèjì lè má balẹ̀ síbì kan náà.

Ní ọdún kan, àwọn ayìnbọn bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé ọta wa ń fọ́n káàkiri. Ọ̀gá wa, ará Íńdíà kan tí kì í pariwo, mú kálípà oníbátìrì, irin ìwọ̀n ẹlẹ́nu méjì tó wà ní yàrá iṣẹ́, ó wọn àwọn ọta náà láti ìdí dé ṣónṣó. Nọ́ńbà kan kò bá èkejì mu. Ó wo ẹ̀gbọ́n, ó ní, "My friend, ọwọ́ rẹ ò balẹ̀ mọ́." Ó ní bí èyí tí a máa kì tẹ̀ lé e kò bá dọ́gba, khalas, ó tán nìyẹn, òun kò ní fọwọ́ sí contract tuntun.

Contract yẹn ni ẹ̀gbọ́n fẹ́ fi gba visa fún ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà ti ta fìríìjì, ó ti fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, ó sì ti ń dágbére fún ará àdúgbò. Ẹ̀gbọ́n kò sọ ohunkóhun fún un lórí fóònù.

Ohun tó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, tó wá ń ṣe jù báyìí, ni pé, bí ó bá ti wọn ọta kan tí nọ́ńbà yàtọ̀, á yí ìdè ẹ̀rọ tó ń tẹ orí ọta wọlé. Á wọn òmíràn, á tún yí i. Èmi ọlọ́gbọ́n ayé dúró tì í, mò ń wí pé, "Ẹ yí i díẹ̀ sí i, ẹ̀gbọ́n." Bí a ṣe ń tún un ṣe ló ń bàjẹ́ sí i, bí ẹni tó ń lé òjìji ara rẹ̀.

Ní ọjọ́ ìsinmi wa, a lọ sí Deira ní Dubai láti ra kálípà mìíràn, bóyá ti ibi iṣẹ́ ló ń purọ́. Màmá kan, ará àdúgbò ẹ̀gbọ́n nílé, tó máa ń ra àgádágodo ránṣẹ́ sí Èkó, pàdé wa ní Al Rigga, ó sì mú wa lọ sí ṣọ́ọ̀bù oníbàárà rẹ̀. Kíá ni mo ti yan tèmi: ojú rẹ̀ fẹ̀, ó ń tàn yanran.

"Ìwọ ọmọ yìí," Màmá ní, "ṣé tẹlifíṣọ̀n lo wá rà ni?"

Ó yọ kọ́kọ́rọ́ kan nínú báàgì, ó ní kí ọlọ́jà wọ̀n ọ́n. Ó ní kó pa kálípà dé, kó nù ún, kó gbé e fún mi. Nọ́ńbà tèmi yàtọ̀. "Ọkọ ìyàwó, ó kàn ẹ́." Ti ẹ̀gbọ́n tún yàtọ̀.

Màmá pòṣé. "Kọ́kọ́rọ́ kan, ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Ẹlẹ́rìí irọ́ nìyí."

"Mama, best quality!" ni ọlọ́jà wí.

"Best quality ẹ, fi sílé. Mú òmíràn wá kíá, yalla."

Bó ṣe máa ń ra àgádágodo nìyẹn: kọ́kọ́rọ́ kan náà, ọwọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó kọ gbogbo èyí tó ń dán, títí ọlọ́jà fi gbé ọ̀kan tí eruku bò wá. Kò ní bátìrì, ojú rẹ̀ dà bí ti aago. Ọwọ́ gbogbo wa ló kàn án, abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò kúrò lójú kan. Òun la rà.

Nígbà tí a padà síbi iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n ṣe bíi Màmá níwájú ọ̀gá. Ó wọn ọta kan, ọ̀gá náà wọ̀n ọ́n, abẹ́rẹ́ dúró síbì kan náà. Ẹ̀gbọ́n wá já páálí tuntun, ó mú orí ọta lásán, èyí tí ẹ̀rọ wa kò tíì kàn rárá. Ó wọ̀n ọ́n. Ó mú òmíràn. Abẹ́rẹ́ sún.

Ọ̀gá gba kálípà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wọn ọ̀kan, ó wọn òmíràn, ó tún wọn òmíràn.

"Láti ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n ni ṣónṣó wọn ti gùn jura lọ," ó sọ.

"Sir, ìka ò kúkú dọ́gba," ni ẹ̀gbọ́n wí.

Ṣónṣó tí a ń wọ̀n kò dọ́gba látilẹ̀, òun la sì ń yí ẹ̀rọ tẹ̀ lé. Ọ̀gá ní ká wá irin kékeré oníhò kan tí wọ́n ń dè mọ́ ẹnu kálípà. Bí ọta bá wọ inú ihò náà, ṣónṣó rẹ̀ á gba inú rẹ̀ kọjá, èjìká rẹ̀, níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tín-ín-rín, ni irin yóò dì mú. Èjìká ló yẹ ká máa wọ̀n. Nígbà tí irin náà dé, a de ẹ̀rọ sójú kan, a ká ọwọ́ kúrò níbẹ̀. Àwọn ọta tí a kì dọ́gba. Àwọn ayìnbọn wá, ihò ọta wọn sì ṣù mọ́ra lára páálí tí wọ́n ń yìn.

Ọ̀gá fọwọ́ sí contract náà. Ó ní, "Mo ní ọwọ́ rẹ ni. Kì í ṣe ọwọ́ rẹ." Ẹ̀gbọ́n jókòó sórí àpótí kan, ó mí kanlẹ̀. Èmi náà mí.

Iṣẹ́ ìròyìn ni mò ń ṣe báyìí. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Mo fi kún un nínú ọkàn mi pé kálípà pàápàá lè jẹ́ ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo, ó sì lè jẹ́ pé ibi tí kò yẹ la ti bi í léèrè.

Mo tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n lọ pàdé ìyàwó rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Dubai. Obìnrin náà wò ó láti òkè délẹ̀. "Kí ló dé tí ẹ rù báyìí?"

Ẹ̀gbọ́n wò mí. Mo wo òkè.

"Ooru ibí ni," ó ní.

Al Qasimia ni wọ́n ń gbé nísinsìnyí, mo sì máa ń jẹun nílé wọn. Kò tíì sí ẹni tó sọ òótọ́ fún ìyàwó náà. Bí ẹ bá ń ka èyí, aya ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe ooru.