Ọ̀nà Tuntun ní Cow Lane

Fáòsíà wà lára àwọn tó bẹ̀bẹ̀ pé kí ìjọba wá tún àdúgbò Cow Lane ṣe. Àárín gbùngbùn Accra yẹn ni wọ́n bí i sí, nínú agboolé tí bàbá rẹ̀ rà nígbà tó ti Ìlọrin dé. Níwájú ilé náà ló ti ń ta abọ́ tánganran, lábẹ́ àtíbàbà. Òjò kì í rọ̀ kí omi gọ́tà má wọlé bá wọn, òórùn rẹ̀ a sì máa lé àlejò. Nígbà tí wọ́n wá pe ìpàdé pé àwọn fẹ́ bo gọ́tà, kí àwọn tẹ́ òkúta sí ọ̀nà, kí àwọn kun ilé, kí àwọn sì gbin òdòdó, Fáòsíà ló kọ́kọ́ dìde.

"Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀," ló wí.

Mísbáù ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ojú bàbá náà ti fọ́ láti ìgbà tí Bushrah ọmọ wọn ti wà lọ́mọdé, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò fà á lọ́wọ́ rí. Ọ̀pá rẹ̀ mọ etí gọ́tà, ọwọ́ rẹ̀ mọ òpó ilé kọ̀ọ̀kan. Bó bá ti gbọ́ ariwo ẹ̀rọ Láwàlì télọ̀, á yà sí ọ̀tún, ó di mọ́sálásí. Kì í pẹ́ dé ìrun. Iyì tó kù fún un nìyẹn.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn Iléyá. Katakata hú gọ́tà, wọ́n wó àtíbàbà, wọ́n gé àwọn òpó tó yọ sí ọ̀nà. Láwàlì kó ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sí àdúgbò Adabraka. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ojú ọ̀nà tẹ́ pẹrẹsẹ, ilé ń dán, àwọn ọ̀dọ́ ń wá ya fọ́tò. Inú Fáòsíà dùn dọ́ba.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ọ̀nà, Mísbáù gbé ọ̀pá rẹ̀, ó ní òun ń lọ kírun Àìlà. Wọ́n kírun tán, kò dé. Fáòsíà sáré jáde, ó bá a létí títì ńlá níbi tí ọkọ̀ akérò tro-tro ti ń já fìrì. Obìnrin kan tó ń ta kẹ́ńkẹ́, oúnjẹ àgbàdo, ló dì í mú gírígírí. Fìlà rẹ̀ ti bọ́, bàtà rẹ̀ kan ò sí lẹ́sẹ̀.

"Fáòsíà," ni Mísbáù pè é, "níbo ni wọ́n gbé ọ̀nà wa lọ?"

Láti ọjọ́ náà, inú yàrá ló ń kírun. Oúnjẹ kò wù ú. Bí àwọn èèyàn bá ń yin ọ̀nà náà níwájú Fáòsíà, á kàn fi aṣọ máa nu abọ́ tó ti mọ́.

Nígbà tó yá, ó kúnlẹ̀ ti ọkọ rẹ̀. "Bàbá Bushrah, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ."

"Kí o máa fà mí bí àgùntàn?"

"Mi ò ní fà yín. Ẹ gbọ́wọ́ lé mi léjìká, ká jọ kọ́ ọ̀nà náà."

Ó pẹ́ kó tó dìde. Wọ́n ń rìn díẹ̀díẹ̀. Fáòsíà mú ọ̀pá rẹ̀ kan etí bèbè òdòdó, kí ó lè gbọ́ bó ṣe ń dún.

"Àwọ̀ wo ni wọ́n fi kun ilé wa?" ló bi í.

"Ó dà bí omi òkun nígbà tí oòrùn bá mú."

Mísbáù dúró, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ara ògiri náà títí. "Ó dán," ló wí.

Ní báyìí, ó ń dá rìn dé ibi tí bèbè òdòdó parí sí. Lẹ́yìn ibẹ̀, gbangba ni, kò sí ohun tí ọ̀pá lè kàn. Á dúró níbẹ̀ títí ẹni tó ń lọ kírun á fi kọjá, tí á sì mú un lọ́wọ́. Kò sígbà tí kì í rí ẹni mú un. Ṣùgbọ́n ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ìdúró yẹn ló ṣòro jù fún òun.